Ọ̀nà Alága àti Òkú Tó Ń Rún Orín

Mo ti rí òkú tó ń rún orín. Kì í ṣe lójú àlá, kì í sì í ṣe nínú àlọ́. Ojúmọmọ ni, lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, níwájú akọ̀wé káńsù tó mú bíró lọ́wọ́. Òkú náà kí wa káàárọ̀, ó bèèrè àlàáfíà àwọn ará ilé wa, ó wá tu itọ́ orín sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó má baà ta sí bàtà ọ̀gá. Títí di òní, n kò tíì rí alààyè púpọ̀ tó mọ ìwà hù tó òkú yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé iwájú rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti máa fètò sí ilẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀. Èmi ni mo ń sọ ibi tí ilé yóò wà, ibi tí ọjà yóò wà, ibi tí ọ̀nà yóò gbà, àti ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ohunkóhun sí nítorí àgbàrá. Mo kọ́ ọ ní Sáríà, mo sì padà sí ilẹ̀ Ìgbómìnà pẹ̀lú àpótí kan tó kún fún rúlà àti pẹ́ńsù, bí ẹni tí Ọlọ́run rán pé kó wá tún ayé tò. Káńsù tí mo bá ṣiṣẹ́ wà ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Ọ̀mù-Àrán. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ ilé mi.

Ìgbà yẹn, Kwara kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó di ìpínlẹ̀, àwọn ológun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin pé gbogbo ilẹ̀ ti di ti gómìnà. Èmi ni wọ́n rán pé kí n máa ṣàlàyé òfin náà fún àwọn àgbà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bàbá kan fetí sí mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó mi orí, ó wá bi mí pé, "Gómìnà yìí, ìgbà wo ló bá àwọn bàbá wa ṣán igbó ibí?" Gbogbo wọn wò mí. Mo wo ìwé mi. Wọn kò kọ́ wa ní ìdáhùn ìyẹn ní Sáríà.

Kò sí ẹni tó mọ ohun tí mo ń ṣe gan-an. Àwọn kan ń pè mí ní wọnlẹ̀wọnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ẹlòmíràn nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìyá gbà pé wolé-wolé ni mí, ìyẹn ẹni tó máa ń wo ìdọ̀tí ilé kiri tó ń fa èèyàn lọ sí kóòtù. Bí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè pẹ̀lú ìwé tí mo ká mọ́ abẹ́ apá, ariwo ìkòkò ló máa sọ. Wọ́n ń da omi nù nìyẹn, kí n má baà rí tanwíjí nínú rẹ̀. Omi tí wọ́n ti odò jíjìn rù wá sílé! Mo ń kígbe pé, "Ẹ má dà á nù o, ti omi kọ́ ni mo bá wá," wọ́n ní ọgbọ́n àwa wolé-wolé náà nìyẹn. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ á ti tutù rinrin. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọ ilé onílé kiri.

Alága káńsù wa fẹ́ràn ohun tó bá tọ́. Kì í ṣe nínú ìwà o, nínú ọ̀nà ni. Ó ti dé Kàdúná rí, ó sì rí títì kan níbẹ̀ tó lọ gbọọrọ tí kò yà sọ́tùn-ún tí kò yà sósì, láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. A gbọ́ pé gómìnà ń bọ̀ wá bẹ káńsù wò. Alága pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní òun fẹ́ ọ̀nà ńlá kan tó máa ti ibùdókọ̀ wọ ẹnu ọ̀nà káńsù tààrà, kí ọkọ̀ gómìnà má baà máa yí kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù.

N kò bínú sí i nígbà náà. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, mo sì yà á dáadáa. Ẹ̀yìn ìlú ni mo gbà, níbi tí oko ẹ̀gẹ́ àtijọ́ ti di igbó. Ọ̀nà mi tọ́, kò fọwọ́ kan ilé ẹnikẹ́ni, àfi ọgbà ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, tó sì ti jẹ wọ ibi tí kò yẹ kó dé. Agbaṣẹ́ṣe kan ló ni ilé náà. Alága àti agbaṣẹ́ṣe yìí, ọ̀rẹ́ bí ẹnu àti ètè ni wọ́n.

Alága wo àwòrán náà pẹ́. Ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ó dára. Ó dára gan-an. Fà á sí apá ibí díẹ̀."

Díẹ̀! Lórí ìwé, díẹ̀ yẹn kò ju ìbú ọmọ ìka lọ. Lórí ilẹ̀, àárín àwọn agbo ilé ló gbà kọjá. Mo sọ fún un pé ọ̀nà náà kò ní tọ́ mọ́. Ó ní oríṣiríṣi ni títọ́. Wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ní ti Alága wa, ọ̀nà kan náà ló mọ̀, inú ilé ẹni tí kò ní alátìlẹ́yìn ló sì máa ń gbà.

Ìyá kan ń gbé ní ojú ibi tí ọ̀nà tuntun náà máa gbà. Opó ni, gàrí ló ń ṣe tà, ọmọ ìjọ ni, ilé rẹ̀ sì jẹ́ alámọ̀ oníyàrá méjì tí páánù rẹ̀ ti pọ́n. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, òun náà da omi ìkòkò rẹ̀ nù. Nígbà tí mo jẹ́ kó yé e pé ti ilẹ̀ ni mo bá wá, ó kọ́kọ́ ṣépè fún omi tó dà nù, lẹ́yìn náà ló wá ní kí n wọlé. Ó bi mí léèrè ilé tí wọ́n ti bí mi. Mo sọ fún un. Ó ní òun mọ ìyá bàbá mi, pé alágídí obìnrin ni. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní ọmọ mi.

Ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ló gba ojú mi. Ó dán gbinrin. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, kó tó lọ sí ilé ìjọsìn lọ́jọ́ kejì, ó máa ń po ìgbẹ́ màlúù pọ̀ mọ́ omi ewé, á kúnlẹ̀, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti ìdí ògiri dé ẹnu ọ̀nà. Mo yìn ín.

Ó ní, "Ọkọ mi ló wà níbẹ̀," bí ẹni tó ń sọ pé ọkọ òun wà lóko. Ó fi ọwọ́ hàn mí, apá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń tẹ́ ẹní sí.

Kò yà mí lẹ́nu. Ní ìlú wa láyé ìgbà yẹn, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbàlagbà sí, ì báà jẹ́ onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ tẹ̀lé e kò kúrò lọ́kàn mi rí. Ó ní, "Kó tó kú, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n má fi òun nìkan sílẹ̀ o. Mo ní n kò ní í fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbọ́ kẹ́yìn láyé nìyẹn, ọmọ mi. Kí wọ́n la ọ̀nà wọn, n kò bá ọ̀nà jà. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ní kí n lọ sùn?"

Mo jáde. Mo bínú sí Alága, mo bínú sí ọgbà agbaṣẹ́ṣe, mo bínú sí pẹ́ńsù mi pàápàá.

Ìròyìn ọ̀nà ti tàn káàkiri. Àwọn àgbà ìlú ní kí Alága wá bá àwọn ní gbọ̀ngàn ilé ìwé. Wọ́n ní kò sí ohun tó jẹ́ tuntun nínú kí ìjọba gba ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní wa ọkọ̀ gba orí bàbá àwọn kọjá. Alága kò fẹ́ ìjà kí gómìnà tó dé. Ó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ gbé lé èjìká, ó sì gbé òfin kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní ilé tó bá ní sàréè nínú, káńsù kò ní tíì fọwọ́ kàn án, ó di ìgbà tí wọ́n bá rí owó tí wọ́n máa fi tu òkú náà lójú kí wọ́n tó gbé e. Ilé tí kò bá ní sàréè ni katapílà máa kọ́kọ́ wó, kí gómìnà lè rí i pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé káńsù wá fi tirẹ̀ kún un. Ó ní sàréè tí káńsù mọ̀ ni sàréè tí ojú rí, àwọn máa wá yẹ̀ ẹ́ wò láti ilé dé ilé.

Kí ni ojú fi ń rí sàréè? Sìmẹ́ǹtì ni.

Kò tíì sí ìgbà tí sìmẹ́ǹtì wọ́n bẹ́ẹ̀ ní agbègbè wa. Ẹni tó ń kọ́lé ní Òrò dáwọ́ dúró. Àwọn bíríkìlà tó ti jókòó láìrí iṣẹ́ láti ìgbà ọdún wá di ẹni tí à ń bẹ̀. Gbogbo ojú ibi tí ọ̀nà máa gbà, sàréè ń hù bí olú. Ilé onígbàgbọ́, sàréè alágbèélébùú. Ilé mùsùlùmí ńkọ́? Àlùfáà àgbà ìlú náà ti ń wàásù láti ọjọ́ pípẹ́ pé ẹ̀sìn kò fẹ́ kí wọ́n mọ nǹkan lé orí sàréè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ló mọ èyí tó ga jù, tó sì lẹ táìsì mọ́ ọn lára. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àlùfáà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó dúró, ó wò ó, ó ní, "Làìláhà ilà-Láhù," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo rí i tí ìjọ àti mọ́sálásí ìlú náà fi ohùn ṣọ̀kan láìṣe ìpàdé.

Mo lọ bá ìyá. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ da sìmẹ́ǹtì lé e. Kékeré náà tó."

Ó ń yan gàrí lọ́wọ́. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni mo fi ń pa á láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Bí mo bá da sìmẹ́ǹtì sáàárín wa, kí ni ọwọ́ mi máa kàn?"

Mo ní akọ̀wé káńsù kò ní rí sàréè náà láìsí sìmẹ́ǹtì. Ìgbà yẹn ló wá wò mí dáadáa. "Ṣé irọ́ ni mo fẹ́ pa ni, tí mo fi máa lọ ra ẹlẹ́rìí? Gbogbo àdúgbò ló sin ín. Wọ́n jẹ ẹ̀wà níbí, wọ́n sì bu èyí tí wọ́n gbé lọ sílé."

Ọjọ́ àyẹ̀wò dé. Èmi àti akọ̀wé la jọ lọ, èrò sì tẹ̀lé wa bí ẹni tó ń lọ wo eégún. Mo ti rí ohun ẹ̀rín láyé mi, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni olórí wọn. Ní ilé kan, sàréè náà kò gùn ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Akọ̀wé ní ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní bàbá ńlá àwọn ni, jagunjagun. Ó ní ó mà kúrú o. Wọ́n ní kíkúrú yẹn ni kò jẹ́ kí ọfà bà á. Ní ilé kejì, ẹsẹ̀ adìẹ wà lára sìmẹ́ǹtì, ó ti ibi orí rìn dé ibi ẹsẹ̀. Akọ̀wé fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka wọlé. Ó ní, "Ìgbà wo ni bàbá yìí kú?" Wọ́n ní ó ti pẹ́ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè rántí. Ó ní, "Sìmẹ́ǹtì tó tutù yìí wá ńkọ́?" Onílé fi orí họ. Ó ní, "A ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí wọn ni, sà." Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀: sàréè kan.

Ilé tó tẹ̀lé e ni ti òkú mi. Ọmọ onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ṣí fìlà, ó sì fajú ro bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lánàá. Ó mú wa wọ ọ̀ọ̀dẹ̀. Sàréè ńlá kan wà níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ó ní, "Bàbá mi rèé, sà. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Àwa náà ní àmín. Bí a ṣe ń ṣe àmín lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn yàrá ṣí, tí bàbá arúgbó kan jáde, orín lẹ́nu, aṣọ ìbora léjìká.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Àwọn ará ilé yín ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni?"

Akọ̀wé kọjú sí ọmọ. "Ta nìyí?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Èyí tó kú?"

"Àwọn náà ni, sà."

Bàbá tu itọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ibùsùn mi lẹ̀ ń wò yẹn. Àgbà tí kò bá mọ ibi tí òun máa sùn sí, ṣé àgbà nìyẹn?"

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ ọmọ náà dáadáa. Kò sí ọdún iléyá tí itan àgbò kì í ti ilé rẹ̀ lọ sí ilé Alága. Ó tẹ bíró mọ́ ìwé: sàréè kan. Mo ní, "Ọ̀gá, ọkùnrin yìí wà láàyè." Ó ní, "Nígbà tí katapílà bá máa fi padà débí, ta ló mọ̀?"

Ìyẹn náà pa mí lẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ kí ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n ilé tó kù lẹ́yìn ibẹ̀ ni ti ìyá, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu mi kí a tó dé ibẹ̀.

Ó ti pa ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ dè wá. Ó fi ọwọ́ hàn akọ̀wé. Akọ̀wé wo ilẹ̀, ó wo ògiri, ó tún wo ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá, sàréè dà?"

"Òun lẹ dúró tì yẹn."

"N kò rí nǹkan kan."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ sin ín."

Akọ̀wé yíjú sí èrò tó kún ẹnu ọ̀nà. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ pé òkú wà níbí, kó sọ̀rọ̀. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó jẹ ẹ̀wà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn. Ohun tó fà á kò ṣòro: ẹni tó bá jẹ́rìí pé òkú tòótọ́ lè wà láìní sìmẹ́ǹtì, òun náà ti jẹ́rìí pé sìmẹ́ǹtì lè wà láìní òkú. Pásítọ̀ tó sin ín, ìjọ ti gbé e lọ sí ibòmíràn, èyí tó wà níbẹ̀ kò sì tíì mọ orúkọ àwọn olórin rẹ̀ tán. Ìtìjú ìlú mi mú mi lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló là á já láàárín èrò. Bàbá olórín ni. Ó ti yọ orín lẹ́nu. Ó ní, "Akọ̀wé, òkú wà níbẹ̀. Èmi ni mo di apá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú tí a fi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni."

Akọ̀wé wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ti kú. Òkú kì í jẹ́rìí."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà wo ọmọ rẹ̀, ọmọ wo ibòmíràn. Ìyá kò sunkún, kò ṣépè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ibi tí bàtà akọ̀wé ti ba ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Mo bá Alága ní ọ́fíìsì. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sọ ti bàbá olórín, mo sọ ti ọgbà agbaṣẹ́ṣe. Ohùn mi lọ sókè débi pé àwọn ojíṣẹ́ ń yọjú. Alága jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ṣé kí n sọ fún gómìnà pé opó kan ló dá ọ̀nà ìlú dúró?" Mo ní orúkọ mi kò ní sí lára àwòrán ọ̀nà náà. Ẹ̀rín pa á débi tó fi di ikùn mú. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, katapílà kì í ka orúkọ."

Òótọ́ ló sọ. Kò kà á. Katapílà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ń mi ilẹ̀ bọ̀ láti Ọ̀mù-Àrán, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún un lójú ọ̀nà. Ìyá ti kó ẹní rẹ̀ jáde, àti ìkòkò, àti agbada gàrí, àti Bíbélì. Ó lọ bá awakọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra gba apá ọ̀tún. Ọkùnrin náà kò mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó rọra. Ilé alámọ̀ kì í pẹ́ wó. Kí oòrùn tó gun àtàrí, gbogbo rẹ̀ ti di pẹrẹsẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé tó kù ní sàréè. Katapílà padà lọ. Gómìnà kò wá. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá, àwọn mìíràn ní kò tilẹ̀ sọ pé òun ń bọ̀. Láìpẹ́, ìjọba yí padà, wọ́n tú káńsù ká, Alága sì lọ jókòó sílé rẹ̀ pẹ̀lú ìrántí Kàdúná. Ọ̀nà ńlá tó yẹ kó ti ibùdókọ̀ dé káńsù wá fẹ̀ bí pápá bọ́ọ̀lù, ó sì gùn tó ilé opó kan. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìdáná rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó parí sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ nìkan ló ń sùn sí i.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Òmupò wá mú un. Kò tẹ̀ lé e. Bàbá olórín ló fún un ní yàrá, èyí tó kọjú sí ilé tó wó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè funfun tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó ní òun tó jẹ́ òkú kò lè gba owó ilé lọ́wọ́ alààyè. Nígbà tó bá sì di Sátidé, ìyá á po ìgbẹ́ màlúù rẹ̀, á jáde lọ sí àárín ọ̀nà ìjọba, á kúnlẹ̀ nínú oòrùn, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ibi tí kò gbòòrò ju ẹní méjì lọ.

Àwọn ọmọ ìlú kọ́kọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti yí. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó tẹ ibẹ̀. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á yà. Bí ọlọ́kadà ṣe ń pọ̀ sí i, àwọn náà ń yà. Mo rí akọ̀wé àtijọ́ lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀ rẹ̀, tó fẹ́ gba ibẹ̀ já sí ọjà. Ó dé etí ibi dídán náà, ó yí ọwọ́ ọkọ̀, ó gba inú koríko. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pàtẹ́wọ́ fún un.

Wọ́n gbé mi lọ sí Ìlọrin lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ pé ìyá ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò béèrè lọ́wọ́ káńsù kankan. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bàbá wọn, láàárín ọ̀nà, wọ́n sì sin ín. Inú mi dùn gan-an. Mo ní, ó ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Ọ̀mù-Àrán ni mo ń gbé. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe ní káńsù yẹn wá kí mi. Wọ́n ti tún fẹ́ la ọ̀nà náà. Ọmọ náà ní ẹ̀kọ́, ó sì ní ọ̀wọ̀. Ó tẹ́ àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì mi kí n bá òun wò ó. Ọ̀nà náà lọ tààrà láti ibùdókọ̀. Àwọn sàréè ọjọ́sí kò dí i lọ́wọ́ mọ́: àwọn onílé fúnra wọn ti fọ́ wọn láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ ní ibì kan, ọ̀nà náà tẹ̀.

Mo fi ìka sí i. Mo ní, "Kí ló dé tó fi yà níbí?"

Ó ní, "Sàréè kan wà níbẹ̀, Bàbá. Ó ti wà lákọsílẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá náà fi sìmẹ́ǹtì ṣe é dáadáa."

Mo ní, "Èèyàn méjì ló wà níbẹ̀."

Ó wo ìwé rẹ̀, ó yí i padà, ó tún yí i padà. Ó ní ní tòótọ́, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ sàréè náà ń dán, bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń wá fi ọwọ́ pa á, òun kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ni káńsù kọ sílẹ̀.

Mo ní kó kọ ìkejì.

Ó wò mí tàánútàánú, bí ọmọ dáadáa ṣe máa ń wo àgbàlagbà tí ọgbọ́n rẹ̀ ti ń ṣe ségesège. Ó ní, "Ìkejì kò ní sìmẹ́ǹtì, Bàbá."